Ta Ló Jókòó Sínú Bàálù Yẹn?

Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kìíní ọdún 2003, ọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ dàrú fi ìbọn gba bàálù kékeré kan ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Babenhausen ní Jámánì, ó sì fò ó wọ àárín ìlú Frankfurt. Ó ń yí po lókè àwọn ilé gogoro tí àwọn báńkì kọ́ síbẹ̀, ó ń halẹ̀ pé òun yóò fi bàálù náà kọlu ilé Báńkì Àpapọ̀ Yúróòpù. Àwọn ọlọ́pàá ń kó èèyàn kúrò nínú ilé àti lójú pópó. Bàálù ogun gbéra, ó ń ṣọ́ ọ káàkiri. Ó tó bíi wákàtí méjì kí ọkùnrin náà tó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Frankfurt. Ohun tó ń wá kò ju kí aráyé rántí Judith Resnik lọ, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó kú nígbà tí ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Challenger bú gbàmù lójú ọ̀run lọ́dún 1986.

Ẹnikẹ́ni ò kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba àwọn aláṣẹ Jámánì. Ọdún méjì kò tíì pé tí àwọn apániláyà fi bàálù èrò ṣọṣẹ́ ní New York àti Washington, gbogbo ènìyàn ló sì ń bi ara wọn pé, ká ní bàálù ńlá tí èrò kún inú rẹ̀ ni ńkọ́? Ilé aṣòfin ṣe òfin ààbò ojú òfuurufú. Ààrẹ Horst Köhler fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2005, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ síta pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ń kọ òun lóminú. Ọ̀rọ̀ náà wà ní abala kẹrìnlá, ẹsẹ̀ kẹta. Ó fún mínísítà ètò ààbò láṣẹ láti ní kí ọmọ ogun òfuurufú yìnbọn já bàálù lulẹ̀, bí ó bá hàn pé wọ́n fẹ́ fi í pa àwọn tó wà nílẹ̀, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti dá a dúró.

Ká fi èdè àwọn agbẹjọ́rò sílẹ̀ ná, ká wo ohun tó kù. Èrò kan wà nínú bàálù, bóyá ìyá arúgbó tó lọ bá ọmọ rẹ̀ ṣe ìkómọ, bóyá oníṣòwò tó ń sùn. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀daràn ló já bàálù gbà mọ́ ọn lórí. Ṣé ìjọba tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ààbò wá lè pa á, torí pé ikú rẹ̀ yóò gba ẹlòmíràn là? Àwọn onísìn àti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí kí ọmọ aráyé tó mọ bàálù í fò. Ibi tó ti wá le jù ni ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ bàálù ogun tó ń lọ pàdé bàálù àjèjì lójú òfuurufú, nítorí ojú àwọn ni yóò ṣe.

Iṣẹ́ wọn kò jọ ti inú fíìmù rárá. Àdéhùn Chicago ti ọdún 1944 ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni òfuurufú tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ àti lórí òkun tó jẹ́ tirẹ̀, èyí tó jẹ́ máìlì ojú omi 12 fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lónìí. Bí bàálù kan bá ń bọ̀ tí kò dárúkọ ara rẹ̀, tí wọ́n pè é lórí rédíò tí kò dáhùn, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó yẹ kó máa dá rédà lóhùn sì dákẹ́, àwọn ológun yóò gbéra. Ẹ̀rọ yẹn ní nọ́ńbà tirẹ̀ fún ìṣòro kọ̀ọ̀kan: awakọ̀ tí wọ́n já bàálù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò tẹ 7500, ẹni tí rédíò rẹ̀ bàjẹ́ yóò tẹ 7600, ẹni tó wà nínú ewu mìíràn yóò tẹ 7700. Ẹni tí kò tẹ nǹkan kan ni kì í jẹ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ rédà sùn.

Méjì ni àwọn bàálù ogun náà sábà máa ń jẹ́. Ọ̀kan yóò dúró lẹ́yìn, yóò máa ṣọ́. Èkejì yóò rọra gba ẹ̀yìn sún mọ́ bàálù àjèjì náà, yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, yóò lọ sókè díẹ̀, yóò sì ṣíwájú rẹ̀ díẹ̀, torí apá òsì ni ọ̀gá awakọ̀ ń jókòó sí, ó sì yẹ kí ó rí ẹni tó wá bá a. Yóò ka orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Yóò pè é lórí ìkànnì pàjáwìrì, 121.5. Bí kò bá dáhùn, ó ku kí wọ́n fi ara sọ̀rọ̀. Ológun yóò mi apá bàálù rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, yóò máa ṣẹ́ iná rẹ̀: ó ń sọ pé, "Mo ti wá bá ọ, tẹ̀ lé mi." Yóò wá rọra yà sí òsì. Bí ẹnìkejì bá gbọ́, òun náà yóò mi apá tirẹ̀, yóò sì tẹ̀ lé e. Bí ológun bá yí po lórí pápákọ̀ tó sì na ẹsẹ̀ bàálù rẹ̀ sílẹ̀, "Sọ̀ kalẹ̀ síbí" nìyẹn. Bí ó bá ṣàdédé yà kúrò, tó gòkè lọ láì gba iwájú bàálù náà kọjá, ó ti dá a sílẹ̀ nìyẹn, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo awakọ̀ òfuurufú lágbàáyé ló gbọ́dọ̀ mọ àwọn àmì wọ̀nyí, ẹni tó ń kó èrò láti Ìkejà lọ sí London àti ẹni tó ń fi bàálù kékeré wọ́n oògùn sí oko àgbàdo ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìlànà yìí yóò rí i pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé: lọ wò ó ná. Àmì tíńtín ni rédà ń rí. Àmì tíńtín kò ní ìyá, kò ní ọmọ, ó rọrùn láti pa rẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rán ènìyàn tó lójú lọ sókè lọ́hùn-ún láti bá wọn rí ohun tí ẹ̀rọ ilẹ̀ kò lè rí.

Àwọn Ifẹ̀ mọ irú ìbẹ̀rù yìí. Nígbà tí àwọn Ìgbò ń ya wọ̀lú nínú aṣọ ìko, àwọn ará ìlú gbà pé iwin ni wọ́n, wọ́n ń sá fún wọn. Mọremí ló jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, kí ó lè mọ ẹni tó wà lábẹ́ ìko náà. Ènìyàn ni. Ìtàn náà kò parí síbi tó dùn, nítorí iná ni Ifẹ̀ fi lé wọn, Olúorogbo ọmọ Mọremí sì bá ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, pé kí ẹnìkan lọ wo ẹni tó ń bọ̀, ni òfin òfuurufú ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ológun òde òní.

Ó sì burú pé a lè wò, kí a má rí. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejì ọdún 1973, bàálù èrò Líbíà kan tó ń lọ sí Cairo ṣìnà nínú ìjì iyanrìn, ó wọ orí aṣálẹ̀ Sínáì tó wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì nígbà náà. Bàálù ogun Phantom Ísírẹ́lì méjì lọ bá a. Wọ́n mi apá, wọ́n nawọ́ sí àwọn awakọ̀ náà, àwọn yẹn sì rò pé ará Íjíbítì ni àwọn tó wá bá wọn. Wọ́n yà, wọ́n fẹ́ padà síbi tí wọ́n rò pé ilé wà. Àwọn ará Ísírẹ́lì yìnbọn fún un. Nínú ènìyàn 113 tó wà nínú rẹ̀, 108 kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀gá ológun Ísírẹ́lì sọ pé ìbòjú fèrèsé bàálù náà wà nílẹ̀, pé àwọn rò pé kò sí èrò nínú rẹ̀. Wọ́n rí fèrèsé, wọn kò rí ènìyàn, wọ́n sì gba àìrí náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ti Kòríà Gúúsù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, bàálù ńlá Boeing 747 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 007 ń ti New York bọ̀, ó ti yà ní Anchorage, ó ń lọ sí Seoul. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ kò so ẹ̀rọ tó ń darí bàálù mọ́ ẹ̀rọ tó mọ ọ̀nà bó ṣe yẹ, bàálù náà sì ń yà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ ojú òfuurufú Sófíẹ́ẹ̀tì, lórí Kamchatka, lẹ́yìn náà lórí erékùṣù Sakhalin. Òru ni. Bàálù amí Amẹ́ríkà ti wà ní agbègbè náà ṣáájú, ara sì ti ń bu àwọn tó wà nídìí rédà. Wọ́n rán Gennadi Osipovich lọ pẹ̀lú bàálù ogun Su-15. Ó dé ẹ̀gbẹ́ bàálù náà. Ó yin ọta ìbọn tó lé ní 200, ṣùgbọ́n ọta tí kì í tan iná ni wọ́n kó fún un. Nínú òkùnkùn, ta ni yóò rí i? Kò pe bàálù náà lórí ìkànnì pàjáwìrì. Wọ́n ní kí ó já a lulẹ̀, ó sì já a lulẹ̀. Gbogbo ènìyàn 269 tó wà nínú rẹ̀ kú.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì ti tú ká, Osipovich sọ fún àwọn oníròyìn pé òun rí ìlà fèrèsé méjì, òun rí iná tó ń ṣẹ́, òun sì mọ̀ pé irú bàálù tí àwọn ará ìlú ń wọ̀ ni. Kò sọ ọ́ fún àwọn tó wà nílẹ̀. Kí ló dé? Ó ní wọn kò béèrè.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ nídìí ìdáhùn yìí. Awakọ̀ náà kì í ṣe ìkà. Ó gbà títí pé bàálù amí tó fara pa mọ́ sínú bàálù èrò ni. Ohun tó dẹ́rù bani ni pé iṣẹ́ ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó wà nílẹ̀ lè pàṣẹ, ṣùgbọ́n wọn kò rí. Ẹni tó rí kò pàṣẹ. Láàárín àwọn méjèèjì, 269 ènìyàn ṣègbé, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó lè sọ pé òun nìkan ló pa wọ́n. Àwọn onísìn máa ń kọ́ wa pé ọkàn kọ̀ọ̀kan ni yóò jíhìn fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìlànà ológun a máa pín ìjíhìn náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ títí tí kò fi ní wúwo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ikú wọn yí nǹkan padà. Ààrẹ Reagan kéde ní oṣù náà gan-an pé ètò GPS tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́wọ́ yóò di ti gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, kí bàálù má baà ṣìnà bẹ́ẹ̀ mọ́. GPS tó wà nínú fóònù àwọn awakọ̀ takisí Èkó lónìí ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1984, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Montreal, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kún Àdéhùn Chicago pé kí ìjọba kankan má ṣe lo ohun ìjà lé bàálù ará ìlú tó ń fò lọ́wọ́, àti pé bí wọ́n bá ń lọ pàdé rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mí èrò sínú ewu. Ọdún 1998 kí àdéhùn yìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí ìyípadà náà wà lára ohun tó gba ọmọkùnrin ará Jámánì kan tó jẹ́ aláìgbọràn pátápátá là. Mathias Rust, ọmọ ọdún 18, gbéra láti Helsinki lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1987 nínú bàálù Cessna kékeré, ó kọjá ààlà Sófíẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ, ó ní òun fẹ́ kọ́ afárá àlàáfíà láàárín ìwọ̀-oòrùn àti ìlà-oòrùn. Bàálù ogun MiG lọ bá a. Ó yára ju Cessna lọ débi pé ó ní láti na ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí eré rẹ̀ lè dínkù kó tó lè wo ojú ọmọ náà. Ó wò ó, ó sọ ohun tó rí, wọn kò sì fún un láṣẹ láti yìnbọn. Rust fò dé Moscow, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí afárá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kremlin, ó wa bàálù rẹ̀ dé ìtòsí Gbàgede Pupa, àwọn ará ìlú sì pé lé e lórí. Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, fi ọ̀rọ̀ náà lé mínísítà ètò ààbò rẹ̀ lọ kúrò lórí oyè. Àwọn ológun fi ojú tó tì wọ́n san owó ẹ̀mí ọmọ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n rán lọ kò bá ọ̀tá, kò bá aláìgbọràn, ó bá àwọn tó ti dákú. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún 2005, bàálù Boeing 737 ilé-iṣẹ́ Helios kúrò ní Larnaca ní erékùṣù Cyprus, ó ń lọ sí Athens. Wọ́n ti tún un ṣe lóru, wọ́n sì gbàgbé bọ́tìnì tó ń darí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ síbi tí kò yẹ. Àwọn awakọ̀ kò kíyè sí i. Bó ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tán, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló dákú. Bàálù náà fúnra rẹ̀ fò dé Gíríìsì, ó ń yí po, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Níbi tí nǹkan dé ní àkókò yẹn, apániláyà ni ohun àkọ́kọ́ tó wọ ọkàn àwọn ènìyàn. Bàálù F-16 méjì gbéra. Awakọ̀ wọn wo inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́: ìjókòó ọ̀gá awakọ̀ ṣófo, igbákejì rẹ̀ tẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ìbòjú afẹ́fẹ́ ń rọ̀ dirodiro láàárín àwọn èrò. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan wọlé síbi awakọ̀, ó jókòó. Òṣìṣẹ́ inú bàálù ni, òun nìkan ló ṣì dá mọ nǹkan tó ń ṣe. Ológun náà nawọ́ sí i. Ọkùnrin náà nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Epo tán, bàálù sì já sí ara òkè Grammatiko pẹ̀lú ènìyàn 121.

Kò sí ohun tí ológun náà lè ṣe ju kí ó wò. Ṣùgbọ́n wíwò yẹn ló jẹ́ kí a mọ̀ lónìí pé ẹnìkan gbìyànjú. Ká ní ẹnìkan ti pàṣẹ láti ilẹ̀ pé kí wọ́n já bàálù tó dákẹ́ náà lulẹ̀ kí ó má baà já lu Athens, à bá máa pe òṣìṣẹ́ náà ní apániláyà títí di òní.

Nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Philippa Foot, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ lọ́dún 1967 nípa ọkọ̀ ojú irin tí bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tó ń lọ pa ènìyàn márùn-ún. Awakọ̀ lè yà á sí ojú irin mìíràn níbi tí ẹyọ ènìyàn kan wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jiyàn lé e lórí láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè yẹn, a ti sọ gbogbo nǹkan fún awakọ̀ tẹ́lẹ̀: bíréèkì ti bàjẹ́, márùn-ún yóò kú, kò sí ọ̀nà kẹta. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tó wà nínú bàálù ogun?

Ìmámù Al-Ghazali, tí wọ́n kú lọ́dún 1111, ti fojú sí kókó yìí gan-an. Nínú ìwé wọn Al-Mustasfa, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá tó fi Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú ṣe apata wò. Ṣé àwọn ọmọ ogun lè ta ọfà lu apata náà? Wọ́n ní ó lè ṣeé ṣe, àfi kí nǹkan mẹ́ta pé: kí ó jẹ́ ọ̀ranyàn, kí ó dájú, kí ó sì kan gbogbo ìjọ Mùsùlùmí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mẹ́nu ba àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ rì, tí yóò là bí wọ́n bá ju ẹnìkan sómi. Wọ́n ní kò tọ́. Iye àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kì í ṣe gbogbo ìjọ, kò sì sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ kéré ju ti èkejì. Ẹ fi òṣùwọ̀n mẹ́ta yẹn wọn òfin Jámánì wò. Ìdánilójú ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

Àwọn Júù náà ti bá a fà á. Talmud Jerúsálẹ́mù sọ̀rọ̀ nípa àwọn arìnrìn-àjò tí àwọn ọ̀tá dá lọ́nà pé kí wọ́n fi ẹnìkan sílẹ̀ kí wọ́n pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò pa gbogbo wọn. Ìdáhùn rẹ̀ le: kí gbogbo wọn kú, kí wọ́n má fi ọkàn kan lélẹ̀. Àfi bí àwọn ọ̀tá bá dárúkọ ẹni tí wọ́n ń wá, bí Jóábù ṣe dárúkọ Ṣébà ọmọ Bíkírì níwájú odi ìlú Ábélì. Àwọn rábì kan sì ní ìyẹn pàápàá kò tó, àfi kí ẹni náà ti jẹ̀bi ikú tẹ́lẹ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì mọ ẹni tó gba ìṣirò náà láìjanpata: Káyáfà, olórí àlùfáà tó ní ó sàn kí ẹnìkan kú kí orílẹ̀-èdè má baà ṣègbé. Kìrìsìtẹ́nì kì í sábà sọ ọmọ rẹ̀ ní Káyáfà.

Ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ Jámánì, ní ìlú Karlsruhe, dájọ́ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejì ọdún 2006. Lára àwọn tó pẹjọ́ ni agbẹjọ́rò wà, awakọ̀ bàálù wà, gbogbo wọn sì ni wọ́n ń wọ bàálù lemọ́lemọ́. Wọ́n ní òfin náà lè pa àwọn. Àwọn adájọ́ fagi lé ẹsẹ̀ kẹta náà pátápátá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú òfin ìpìlẹ̀ Jámánì, èyí tí wọ́n kọ lọ́dún 1949 nígbà tí eérú ìjọba Hitler kò tíì tutù, ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ iyì ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀. Àwọn adájọ́ ní àwọn ọ̀daràn ti sọ èrò inú bàálù di irinṣẹ́; bí ìjọba bá tún pa wọ́n láti gba ẹlòmíràn là, òun náà ti sọ wọ́n di irinṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ti ka ìwé onímọ̀ ọgbọ́n orí Kant díẹ̀ yóò mọ ibi tí èrò náà ti wá.

Wọ́n tún fọ́ àwáwí mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an ni ìdájọ́ náà ti dùn. Àwọn kan ní èrò náà yóò kú ṣáá ni. Ilé-ẹjọ́ ní bó ṣe wákàtí kan ló kù fún ènìyàn láyé, iyì rẹ̀ kò dínkù. Àwọn kan ní ẹni tó wọ bàálù ti gbà pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní àròsọ lásán ni. Àwọn kan ní èrò náà ti di ara ohun ìjà. Ilé-ẹjọ́ ní ìyẹn gan-an ni sísọ ènìyàn di nǹkan. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ bàálù sì ti sọ fún wọn pé àwọn tó wà nílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń lọ nínú bàálù tí wọ́n já gbà. Ilẹ̀ Jámánì kò tóbi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni bàálù fi ń ti ìlú kan dé èkejì. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, àwọn èrò lè ti borí àwọn ọ̀daràn, ọ̀daràn lè yí ọkàn padà, rédíò sì lè kàn bàjẹ́. Òfin náà yóò pa ènìyàn lórí ìméfò.

Ẹni tó bá ń rántí ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 yóò ní ìjọba tó kàn ń wòran kò yàtọ̀ sí ẹni tó jọ̀wọ́ àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ ní ìwúwo. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n rán Marc Sasseville àti Heather Penney gòkè láti Andrews nítòsí Washington láti lọ dá bàálù United 93 tí àwọn ọ̀daràn já gbà dúró. Kò sí mísáìlì lára F-16 wọn, kò sí àkókò láti so ó mọ́ ọn. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò fi ara bàálù àwọn kọlù ú: Sasseville yóò gba orí, Penney yóò gba ìrù. Bàbá Penney jẹ́ awakọ̀ ní ilé-iṣẹ́ United. Wọn kò rí bàálù náà, nítorí àwọn èrò inú rẹ̀ ti dìde sí àwọn ọ̀daràn, ó sì ti já sí pápá ní Shanksville kí àwọn ológun méjèèjì tó gbéra.

Ìtàn yìí ni àwọn tó ń gbèjà òfin Jámánì fẹ́ràn jù, àmọ́ kò ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bí wọ́n ṣe rò. Penney àti Sasseville fi ẹ̀mí tiwọn sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó fi ti ẹlòmíràn síbẹ̀. Àwọn èrò Shanksville fúnra wọn ló yan ohun tí wọ́n ṣe. Mínísítà tó ń fọwọ́ sí ìwé nínú ọ́fíìsì kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ náà kò sọ bí a ṣe máa dá ẹjọ́ awakọ̀ tó bá yìnbọn lábẹ́ ìpọ́njú ọkàn ara rẹ̀. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òfin ọ̀daràn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ní tútù, pé àwọn aláìṣẹ̀ kan wà tí òun ní ẹ̀tọ́ láti pa.

Ọ̀pọ̀ ará Jámánì kò gbà. Ferdinand von Schirach, agbẹjọ́rò tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, gbé eré Terror jáde lọ́dún 2015. Nínú rẹ̀, awakọ̀ bàálù ogun kan já bàálù tó kó ènìyàn 164 lulẹ̀ kí ó má baà já lu pápá ìṣeré tí ènìyàn 70,000 wà, àwọn òǹwòran ni yóò sì dá ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lóṣù Kẹwàá ọdún 2016, nǹkan bí 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní Jámánì ní kí wọ́n dá a sílẹ̀. Òǹkọ̀wé náà ti bá wọn mú iyèméjì kúrò: gbogbo ẹni tó jókòó sílé mọ ibi tí bàálù náà ń lọ, ó mọ iye tó wà nínú pápá, ó mọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Eré lè fún wa ní ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí rédà tó ń fún ni.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, Franz Josef Jung, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò Jámánì nígbà náà, sọ pé bí ó bá di kàràǹgídá, òun yóò pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn, ilé-ẹjọ́ ìbáà sọ ohun tó bá fẹ́. Àwọn kan dìde sí i tí wọn kì í ṣe àlùfáà, tí wọn kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ bàálù ogun ni. Wọ́n gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn níyànjú pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sún mọ́ fèrèsé bàálù àjèjì ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì yẹ kó wúwo ju ìdìbò àwọn tó jókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ilé-ẹjọ́ Karlsruhe tún padà sórí òfin náà lọ́dún 2012 àti 2013, wọ́n tún ṣàlàyé ìgbà tí wọ́n lè lo ológun nínú ilẹ̀ àti ẹni tó lè pàṣẹ rẹ̀. Wọn kò dá ẹsẹ̀ tí wọ́n fagi lé padà. Ọmọ ogun òfuurufú Jámánì ṣì lè lọ pàdé bàálù àjèjì, ó lè fipá yí i kúrò lọ́nà, ó lè fipá mú un sọ̀ kalẹ̀, ó lè yin ìbọn ìkìlọ̀. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa àwọn èrò tó wà nínú rẹ̀.